Èékánná Mi Ni Ọ̀gá Mi Fi Ń Dán Irin Wò

Àwọn ọ̀dọ́ máa ń wá bá mi pé àwọn fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ fín orúkọ sára irin. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń bi mí ni irú irin ìfín tó yẹ kí wọ́n rà. Èmi a ní kí wọ́n na ọwọ́ òsì wọn kí n wò ó. Wọ́n á nà án, ọwọ́ tó mọ́ roro, tí kò tíì rí ìyà kankan láyé. Èmi náà a wá na tèmi sí wọn. Àpá tó gùn jù níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí àtàńpàkò, ó gba àtẹ́lẹwọ́ kọjá dé ìdí ìka tó kéré jù. Àwọn mìíràn á wo àpá náà, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀, àwọn fẹ́ lọ bá ìyá àwọn sọ̀rọ̀ ná. Wọn kì í padà wá. Inú mi máa ń dùn bẹ́ẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ràn ariwo.

Fún àwọn tó bá dúró, ohun tí mo fẹ́ kọ síbí yìí ni mo máa ń sọ fún wọn. Mi ò kọ́ ọ nínú ìwé. Dùgbẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 wọ àárín wọn, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ dára, tí inú rẹ̀ kò dára. Ẹ ó gbọ́ tí mo ń pè é ní "ó". Ẹ má bínú. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, "ẹ" àti "wọ́n" ni mo ń fún un látàárọ̀ dalẹ́, lójú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti gba tirẹ̀ tó.

Ìyá mi ló mú mi lọ bá a. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, Onítẹ̀bọmi sì ni wá. Yàrá kan la ń gbé ní Agbowó lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá, ìyá mi sì ní ọwọ́ mi tó ń ya àwòrán sẹ́yìn gbogbo ìwé ni kí n lọ fi wá oúnjẹ. Ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà wà láàrin àwọn tó ń tún aago ṣe. Òun ló ń fín orúkọ sára ife ẹ̀yẹ àwọn ilé ìwé, sára aago tí wọ́n fi ń ta òṣìṣẹ́ tó fẹ̀yìn tì lọ́rẹ, sára abọ́ idẹ tí ìyàwó ń gbé lọ ilé ọkọ. Nígbà náà, gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé sí Bodija ló fẹ́ kí orúkọ òun máa dán lẹ́nu géètì. Àwọn lọ́yà àti dókítà náà ń fẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kì í tán ni iṣẹ́ òkú, ìyẹn pátákó idẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kàn mọ́ orí pósí.

Ọdún mẹ́rin ni àdéhùn wa. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀gá mi yóò gbàdúrà lé mi lórí níwájú àwọn ènìyàn, èmi yóò sì gba fírídọ̀ọ̀mù. Ẹni tí kò bá rí àdúrà yẹn gbà, kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ kan n'Ìbàdàn tó máa jẹ́ kó gbé tábìlì tirẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n á bi í pé ta ló dá a sílẹ̀. Bí kò bá rí ẹni tọ́ka sí, olè ni wọ́n máa pè é, wọ́n á ní ó jí iṣẹ́ olóhun.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí òun ti bẹ̀rẹ̀. Irin ìfín kò ju ìka lọ. Ṣóńṣó irin líle kan ni, tí a kì bọ inú igi roboto tó máa jókòó sí àtẹ́lẹwọ́. Ẹ má tíì fi kan idẹ kankan. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí ẹ ó ṣe pọ́n ọn. Ẹ kán òróró máṣíìnì sórí òkúta ìpọ́nrin, ẹ gbé ojú irin náà lé e kó jókòó pẹlẹbẹ, kí ẹ wá rọra máa tì í lọ, kí ẹ máa fà á bọ̀, láìjẹ́ kí ọrùn ọwọ́ yín mì. Bí ọrùn ọwọ́ bá mì, ojú irin á yípo, kò ní jẹ idẹ, orí rẹ̀ ni yóò kàn máa yọ̀ kiri. Oṣù mẹ́ta ni mo fi pọ́n irin láìfín ìlà kan ṣoṣo. Ọwọ́ mi dúdú, aṣọ mi ń rùn, ìyá mi sì ń bi mí lálaalẹ́ pé kí ni mo ti kọ́.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé irin ti mú nìyí: ẹ gbé ṣóńṣó rẹ̀ lé èékánná àtàńpàkò yín, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá yọ̀, ẹ padà sídìí òkúta. Bí ó bá dúró, tó di èékánná mú, ó ti tó. Gbogbo ọ̀gá tó mọṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, èékánná ara wọn ni wọ́n sì ń lò. Tèmi ni ọ̀gá mi ń lò. Á ní, "Mú àtàńpàkò rẹ wá." Á gbé irin lé e, á sì tẹ̀ ẹ́. Bí irin náà kò bá mú, á yọ̀, á wọ ẹran. Bí ó bá mú, á lu èékánná. Kò sí bí mo ṣe lè pọ́n ọn tí kò ní dùn mí. Mo gbìyànjú lọ́jọ́ kan, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lè fi tiyín wò ó?"

"Tèmi ti mọ irin tó mú," ló dá mi lóhùn. "Tìrẹ ló ń kọ́ṣẹ́."

Àwọn tó ń tún aago ṣe bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà ní mo ń gbéraga. Ní àkókò náà, ìyá mi ló ń bá mi de bọ́tìnnì aṣọ mi láràárọ̀, nítorí àtàńpàkò mi kò ṣeé fi kan nǹkan.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé irin tó kú ló ń gé ènìyàn. Ẹ ó rò pé èyí tó mú ni. Rárá. Irin tó mú kò nílò agbára. Èyí tó kú ni ẹ ó máa fi gbogbo èjìká tì, títí yóò fi fò kúrò lójú idẹ, tí yóò sì bá ọwọ́ òsì tó di idẹ mú níwájú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àtàńpàkò ọwọ́ ọ̀tún tẹ idẹ mọ́lẹ̀, kó máa ṣe búrẹ́ẹ̀kì fún irin. Àtẹ́lẹwọ́ ń tì, àtàńpàkò ń dá a dúró. Ẹ má sì jẹ́ kí ọwọ́ òsì wà níwájú irin láéláé.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ lọ́jọ́ tí mo gé ara mi. Ife ẹ̀yẹ eré ìje ilé ìwé kan ni mo ń fín, ọ̀gá mi sì dúró lé mi lórí, ó ń pariwo pé àwọn tíṣà ti dé, wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Irin náà ti kú, mo mọ̀ pé ó ti kú, mi ò láyà láti dìde lọ pọ́n ọn. Ó fò, ó sì la àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ dà sínú ife. Ọ̀gá mi gba ife náà lọ́wọ́ mi, ó da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí gọ́tà, ó fi aṣọ nù ún nínú àti lóde, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá irin ti ha á. Ìgbà tó wò ó tẹ́rùn ló tó mú karosíìnì, tó dà á sí mi lọ́wọ́.

"O ṣoríire," ló wí. "Kò kan ife."

Ẹ̀kọ́ kẹta: ẹ má yí ọwọ́, idẹ ni kí ẹ yí. Ẹ wá àpò awọ kékeré kan, ẹ rọ yanrìn kún un, kí ẹ gbé idẹ lé e lórí. Bí ẹ bá fẹ́ fín lẹ́tà tó tẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún kò ní kúrò lójú kan, ọwọ́ òsì ni yóò máa yí idẹ wá pàdé irin díẹ̀díẹ̀. Ẹnu ni èmi fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀já aṣọ ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi. Ó de ìgúnpá ọ̀tún mi mọ́ ìhà mi láàárọ̀, kò sì tú u títí a fi pa ṣọ́ọ̀bù dé. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ọwọ́ òsì ni mo fi jẹ ẹ̀bà lójú gbogbo Dùgbẹ̀, èmi tí ìyá mi ti nà rí ní kékeré nítorí pé mo fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Obìnrin tó bu oúnjẹ fún mi wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo jẹun náà tán. Ebi ń pa mí.

Mo kórìíra rẹ̀. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá fín O sójú idẹ, kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí mo parí sí. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ìyà yẹn ló sọ mí di oníṣẹ́. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, kó mú èékánná tirẹ̀ wá.

Ní ti orúkọ kíkọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Ọ̀lẹ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, òun náà ni àyè máa ń tán mọ́ lọ́wọ́, tí lẹ́tà ìkẹyìn á fún pọ̀ bí èrò inú mọ́lùú. Ẹ fi ẹfun kun ojú idẹ, ẹ wá lẹ́tà tó wà láàrin orúkọ, ẹ fi abẹ́rẹ́ ya ìyẹn sí àárín idẹ, kí ẹ tó máa lọ sí apá méjèèjì. Ẹ rántí pé W máa ń gba àyè, I kì í gbà tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá fín in tán, ẹ fi èékánná gba orí ìlà kọjá. Ibi tó bá ti há, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, ẹ fi òkúta pa á. Ọ̀gá mi fẹ́ràn èyí ju gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù lọ, nítorí èékánná nìkan ló kù tó fi ń ríran.

Ojú rẹ̀ ń lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo rí i tó ń kán òróró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, tó sì ń pọ́n irin lọ lórí òkúta gbígbẹ. Ẹyin ojú rẹ̀ ti ń funfun bí omi ògì. Kò sọ fún mi, èmi náà kò sì jẹ́ kó mọ̀ pé mo ti rí i. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ tó ṣòro fún mi, lẹ́yìn náà ó gbé gbogbo rẹ̀ fún mi. Òun á jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, awò lójú, á máa bá oníbàárà ṣàwàdà. Èmi á wà lẹ́yìn, á ní kí n máa ṣọ́ra kí àwọn ènìyàn má rí mi bí mo ṣe ń fín in. Bí mo bá parí, á gbé idẹ sún mọ́ imú, á máa mi ètè bí ẹni tó ń kàwé, á fi èékánná gba orí rẹ̀, á sì fún oníbàárà. Gbogbo Dùgbẹ̀ wá ń yìn ín pé bó ṣe ń dàgbà ni ọwọ́ rẹ̀ ń dára sí i.

Nígbà tí ọdún mẹ́rin pé, ìyá mi wá pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ méjì láti bèèrè ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù. Ọ̀gá mi ní ọwọ́ mi kò tíì rọ̀. Wọ́n tún wá lọ́dún kejì. Ó ní mo gbójú, kí wọ́n jẹ́ kí òun tún mi tọ́ díẹ̀ sí i. Ìyá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúpẹ́! Mo sunkún lójú ọ̀nà títí a fi dé Agbowó, ìyá mi sì ń sọ fún mi pé ẹni tó bá ní sùúrù ohun gbogbo ló ní. Èmi ní tèmi ti mọ̀ pé ọkùnrin yẹn kò lè dá mi sílẹ̀ láé. Ta ni yóò máa ríran fún un?

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyá mi bá mi rí àyè kékeré kan ní Challenge, lábẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ibi tí èrò ń gbà kọjá dáadáa. Onílé ní òun yóò dúró dè mí títí ìparí oṣù, bí mi ò bá tíì gba fírídọ̀ọ̀mù nígbà náà, òun yóò fi fún ẹni tó ń ta bàtà. Mi ò lè sùn. Gbogbo ayé mi wà lábẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn.

Àárín oṣù yẹn gan-an ni obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù wá. Ọ̀gá mi ti lọ sí Mọ́kọ́lá, sọ́dọ̀ Hausa kan tó ń ta oògùn ojú, èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà yóò tó ẹni àádọ́ta ọdún, aṣọ dúdú ló wọ̀. Ó ní ọ̀fọ̀ ṣẹ àwọn ní Bodija, wọ́n rán òun pé kí òun wá ṣe pátákó idẹ fún pósí. Kò mọ̀wé, kò sì sẹ́ni tó tẹ̀ lé e wá. Mo bi í léèrè orúkọ òkú. Ó wo ìta bí ẹni tó ń wá ènìyàn. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ kan fún mi, orúkọ dídùn tó gùn dáadáa.

"Orúkọ bàbá wọn ńkọ́, mà?" ni mo bi í.

"Ìyẹn náà ti tó, ọmọ mi," ló wí. "Bí gbogbo wa ṣe ń pè wọ́n nílé nìyẹn. Díákónì ni wọ́n, bá wa fi ìyẹn ṣáájú rẹ̀."

Ní ìlú wa, orúkọ ìnagijẹ ti di orúkọ ìdílé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, mi ò sì fura. Mo fín in. Iṣẹ́ náà dára, mo ń sọ fún yín, ìlà rẹ̀ tọ́ bí okùn tí wọ́n nà. Nígbà tí ọ̀gá mi dé, mo sọ orúkọ tí obìnrin náà dá fún un, ó gbé e sún mọ́ imú, ó mi ètè, ó fi èékánná gba orí rẹ̀. Ó ní kò burú, kí obìnrin náà máa gbé e lọ bí ó bá padà wá.

Lọ́jọ́ kejì tó gbé e lọ, ó tún padà wá. Gèlè rẹ̀ ti wọ́, ojú rẹ̀ ti wú. Bàbá àgbà kan ló ṣáájú rẹ̀ wọlé, ó sì ju pátákó náà sórí tábìlì wa tó fi fò, tó dún.

"Ta lèyí?" bàbá náà bèèrè. "Ta lẹ ní ká lọ sin? Ẹ̀yin lẹ kọ ìranù sí àbúrò mi lórí pósí?" Ó wá pe orúkọ àbúrò rẹ̀ gan-an àti orúkọ bàbá wọn, ó pè é jáde bí ẹni tó ń yin ìbọn.

Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tí wọ́n ti bí sílé ọkọ rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ìbáà ṣe ọmọ tó ń rákò lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ bá fi jíǹkí rẹ̀ ni yóò máa pè é títí ọjọ́ ikú. Òkú yìí jẹ́ àbúrò ọkọ obìnrin náà, bàbá àgbà yìí sì ni ọkọ náà. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni nígbà tí wọ́n gbé obìnrin náà níyàwó wá, ìyàwó sì sọ ọ́ lórúkọ, ó fi yin eyín rẹ̀ tó funfun. Orúkọ eyín funfun yẹn ni mo fín fún díákónì. Orúkọ bàbá wọn tí mo tún bèèrè, ìyẹn ló le jù, nítorí orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀ ni. Ìyá tèmi náà kò pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi lórúkọ rí, ó yẹ kí n ti mọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, kí ẹ tó gba orúkọ lẹ́nu obìnrin, ẹ kọ́kọ́ bi í: ọmọ ilé ni yín ni, àbí ìyàwó ilé? Bí ó bá jẹ́ ìyàwó, ẹ ní kó lọ mú ọmọ kan wá. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá mi kò kọ́ mi nìyí.

Ọ̀gá mi ti dìde. Ó ti mú òòlù igi lọ́wọ́.

"Mo rí i!" ló ń pariwo. "Ẹ má dá mi lẹ́bi, bàbá, mo rí i! Ìgbà tí mo kà á, mo sọ fún un pé orúkọ yìí kò jọ orúkọ òkú, mo ní kó lọ bèèrè dáadáa. Olóríkunkun ni!" Ó fi òòlù náà lù mí léjìká lẹ́ẹ̀mejì níwájú wọn. "Ọdún méjì ni yóò tún fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi sí i. Gbogbo ẹ̀yin aláago, ẹ bá mi gbọ́ o! Ọdún méjì!"

Mo rí Challenge tó ń lọ. Mo rí bàtà lábẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mi.

"Gbé e fún mi wá!" ló wí. "Gbé idẹ náà wá, kí n fi ohun tó o ṣe hàn wọ́n!"

Idẹ méjì ló wà lórí tábìlì. Ọ̀kan ni ti òkú. Èkejì ni èyí tí mo fín tán láàárọ̀ ọjọ́ náà fún lọ́yà kan ní Ring Road, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n. Inú ò bí mi rárá ní àkókò yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ti lọ́yà fún un, bí ọmọ tó gba ẹ̀kọ́.

Ó gbà á. Ó gbé e sókè síwájú bàbá àgbà náà, ó ń fi ìka tọ́ka sí i, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, ó sì ka orúkọ eyín funfun yẹn jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Ẹ wò ó!" ló ń wí. "Ẹ wò ó! Ṣé orúkọ òkú nìyí? Mo kà á fún un bí mo ṣe ń kà á fún yín yìí!"

Àwọn tó ń tún aago ṣe dá ọwọ́ dúró. Bàbá náà gba idẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kà á, ó gbé e lé tábìlì, ó wá wo ojú ọ̀gá mi.

"Àbúrò mi kì í ṣe lọ́yà," ló wí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi ṣì na ọwọ́ síbi tí idẹ náà wà tẹ́lẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Bàbá náà yíjú sí mi. Ó ní, "Ta ló ń ṣiṣẹ́ níbí?"

"Èmi ni, sà," mo dá a lóhùn. "Ó ti pẹ́."

"Fín orúkọ àbúrò mi, ọkọ̀ ń dúró dè wá."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Mo ní kí wọ́n má bínú, ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá ti ní ọwọ́ rẹ̀ kò dára kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ òkú mọ́. Bí ọ̀gá mi bá dá mi sílẹ̀, màá fín in. Bàbá náà kò tilẹ̀ rò ó.

"Dá a sílẹ̀, ká ríbi lọ," ló sọ fún ọ̀gá mi, bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́.

Ọ̀gá mi kò lè sọ pé rárá. Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, wọn yóò ní kí òun fúnra rẹ̀ mú irin kó fín in. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ náà wúwo, ó sì rùn fún òróró. Ó gbàdúrà kan ṣoṣo.

"Bí o ṣe ṣe fún mi, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe fún ọ."

"Àmín," ni gbogbo àwọn aláago wí, nítorí ó ti mọ́ wọn lára. Èmi náà ṣe àmín. Fírídọ̀ọ̀mù ni fírídọ̀ọ̀mù.

Mo fi ẹfun kun idẹ tuntun, mo ní kí bàbá tún orúkọ náà sọ, kí n lè kọ ọ́ bó ṣe yẹ. Ó na ìka sí obìnrin náà. Ó ní ẹnu tó bà á jẹ́ ni yóò tún un ṣe. Obìnrin náà wólẹ̀ sórí símẹ́ńtì. "Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi," ló ń wí, "ẹ má jẹ́ kí n pè é, ẹ má jẹ́ kí n pe orúkọ bàbá." Bàbá náà tún na ìka sí i. Nígbà tó yá, obìnrin náà bo ojú, ó sì pè é, orúkọ ọkọ rẹ̀ kékeré àti orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀, ó pè é síta gbangba láàrin àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Bàbá náà mọ orúkọ àbúrò rẹ̀, a ti jọ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò sọ nǹkan kan, torí fírídọ̀ọ̀mù mi ṣì kéré. Mo wá lẹ́tà àárín, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fín.

Wọ́n gbé idẹ tuntun náà lọ láìkí ẹnikẹ́ni. Obìnrin náà ló kẹ́yìn, ó ń fi etí ìró nu ojú. Mo kó àwọn irin ìfín tí ìyá mi rà fún mi, mo dì wọ́n sínú aṣọ. Ọ̀gá mi ti jókòó sórí àpótí mi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ibi tí kì í jókòó sí. Ó pè mí ní ohùn kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Idẹ tí o gbé fún mi yẹn," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kí lo kọ síbẹ̀?"

Mo so ẹrù mi. Mo kúnlẹ̀, mo kí i gẹ́gẹ́ bó ti yẹ kí n kí ọ̀gá mi.

"Ẹ bi ọmọ iṣẹ́ yín, ọ̀gá," ni mo wí.

Kò ní ọmọ iṣẹ́ mìíràn, àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Bí mo ṣe ń bọ́ síta, idẹ lọ́yà náà wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ wá a.